Ṣé O Mọ̀? Ìdúró Ni Iṣẹ́ Tó Pọ̀ Jù Lọ́wọ́ Sáfà

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ sáfà tó ń dá ọ lóhùn nígbà tí o bá tẹ fóònù rẹ, ìdúró ni wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wọn ṣe? Wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti orí fóònù rẹ, wọ́n ń dúró de dátábéèsì tí àkọsílẹ̀ rẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dúró de sáfà mìíràn tí òun náà ń dúró de ẹlòmíràn. Ìṣirò tó wà láàárín gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ rárá.

Wo okùn MainOne. Okùn abẹ́ òkun yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, ó sì gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Seixal ní ilẹ̀ Potogí títí dé Èkó. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn bẹ́ẹ̀ ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí sáfà tó wà l'Ékòó bá bi sáfà tó wà ní Seixal ní ìbéèrè, àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ńdì 70, ìyẹn ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń lù ní ìgbà 3,000,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti lù ní ìgbà 210,000,000 kí èsì náà tó dé. Kí ni ó yẹ kí sáfà fi gbogbo àkókò yẹn ṣe? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì tíì dákẹ́.

Ṣé o mọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí sáfà bá dúró? Ètò tó wà lórí sáfà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Linux, tàbí ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ló máa ń bẹ̀ pé kó bá òun ka ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ yẹn ni read. Bí ohunkóhun kò bá tíì dé, Linux yóò mú tírẹ́ẹ̀dì tó bẹ ẹ̀bẹ̀ náà, ìyẹn ọwọ́ kan nínú ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ètò kan lè fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yọ ọ́ kúrò lórí ìlà àwọn tó ń retí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yóò sì fi í sùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọlé, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò ta ọpọlọ kọ̀ǹpútà lólobó, Linux yóò jí tírẹ́ẹ̀dì náà, yóò sì gbé èsì lé e lọ́wọ́. Tírẹ́ẹ̀dì náà kò mọ̀ pé òun sùn. Lójú tirẹ̀, ó béèrè, ó sì rí gbà. Ọ̀nà ìdúródè nìyí.

Bí ẹni tó kọ ètò náà bá ti fi àmì O_NONBLOCK sí ìsopọ̀ oníbàárà náà ṣáájú, kò ní sí oorun. read yóò padà wá lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú EAGAIN, tó ń sọ pé kò tíì sí nǹkan, kó padà wá nígbà mìíràn. Ojú tírẹ́ẹ̀dì náà ṣì là, ó sì lè lọ bójú tó oníbàárà mìíràn. Ọ̀nà àìdúró nìyẹn. Tírẹ́ẹ̀dì náà ló gbọ́dọ̀ rántí ibi tó bá ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé, torí pé ọ̀rọ̀ lè wọlé ní ìdajì, ìdá mẹ́ta, tàbí báìtì kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ̀ pé sáfà lè kún fọ́fọ́ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe? Mú Tomcat, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń gbé ètò Java wọn síta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, tírẹ́ẹ̀dì 200 ni iye tó pọ̀ jù tó máa ń lò láti dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ká ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní láti pe sáfà mìíràn kan, tí sáfà yẹn sì ń dáhùn láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Tírẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan yóò parí ìbéèrè mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo wọn yóò sì parí 2,000. Ó dára. Lọ́jọ́ kan, sáfà kejì yìí rẹ̀ díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló ń gbà á kó tó dáhùn. Pín 200 sí mẹ́rin. 2,000 ti di 50. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú sáfà tìrẹ, ọpọlọ rẹ̀ ń sinmi, mẹ́mórì rẹ̀ wà bó ṣe wà, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò rí ẹni dá wọn lóhùn. John Little ló fi ẹ̀rí ìṣirò tó wà nídìí èyí múlẹ̀ ní 1961, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń jẹ́ sáfà wẹ́ẹ̀bù: iye àwọn tó wà nínú ilé dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìlọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Lójú tèmi, bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ sáfà bá máa há ohun kan ṣoṣo sórí, èyí ni kó há.

Nítorí náà, bí áàpù kan bá ń yí bírí lójú rẹ, tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè má jẹ́ pé sáfà rẹ̀ kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ìdúró. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní agbègbè òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ báǹkì sì dojú rú ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì èyíkéyìí tó bá pe òkè òkun láìní gbèdéke àkókò yóò dúró síbẹ̀ ni, yóò sì máa gba àyè ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan òkè òkun rárá.

Ṣé o mọ̀ pé tírẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lè bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn? Ọdẹ tó dẹ tàkúté 200 sínú igbó kì í jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá fẹ́ jókòó tì wọ́n, á jẹ́ pé yóò bẹ ọdẹ 199 mìíràn lọ́wẹ̀. Ńṣe ló ń yí wọn ká: èyí ti mú, èyí kò tíì mú. Iṣẹ́ tí ẹ̀bẹ̀ kan tó ń jẹ́ select ń ṣe fún sáfà nìyẹn. 4.2BSD, tó jáde ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1983, ló gbé e wá. O kó gbogbo ìsopọ̀ rẹ fún un, ó sì sọ èyí tó ní ọ̀rọ̀ fún ọ. Àmọ́ kò lè ka ìsopọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kọjá 1023 lórí Linux. poll tó tẹ̀ lé e mú ààlà yẹn kúrò, kò sì mú yíyíká kúrò. Bí tàkúté bá wá di 10,000, tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ló mú ẹran, ọdẹ á ṣì yí gbogbo 10,000 ká kó tó rí mẹ́ta yẹn. Ní 2000, Jonathan Lemon gbé kqueue jáde fún FreeBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Linux, nígbà tó sì di 2002, epoll tí Davide Libenzi kọ wọ inú Linux. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé wọ́n so ṣaworo mọ́ tàkúté kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú ni yóò dún, ibẹ̀ nìkan sì ni ọdẹ ń lọ.

Ọ̀kan lára ohun tó mú kí irú iṣẹ́ yìí di kánjúkánjú ni ìpèníjà kan tí Dan Kegel kọ sílẹ̀ ní 1999, tó pe orúkọ rẹ̀ ní C10K: kọ̀ǹpútà ti lágbára tó láti gba 10,000 oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló dé tí sáfà wẹ́ẹ̀bù kò lè ṣe é? Ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á bí iṣẹ́ ni Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Rambler nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sáfà wẹ́ẹ̀bù kan tó ń jẹ́ nginx ní 2002, ó sì fi í fún gbogbo ayé ní 2004. Ọ̀pọ̀ ojú ewé tí o ṣí lónìí ló gba ọwọ́ nginx kọjá. Ìwọ̀nba ètò díẹ̀ ló ń fi ṣiṣẹ́, iye wọn sì sábà máa ń bá iye ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀rọ náà mu.

WhatsApp tún fọ́ ọ lójú ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, wọ́n kéde pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo wọn ti gba ìsopọ̀ tó lé ní 2,000,000 lẹ́ẹ̀kan náà, lórí FreeBSD àti èdè Erlang. Erlang! Èdè tí Joe Armstrong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ericsson, ní Swídìn, ní 1986, nítorí ẹ̀rọ tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀. Nínú Erlang, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ sáfà ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń dúró dè é, bí ẹni pé ayé ò yí rí, àmọ́ mẹ́mórì tí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ kò tó 3,000 báìtì. Fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè ti sáfà ńlá pa láìfi agbára kankan sí i? Ní 2009, Robert Hansen gbé irinṣẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ Slowloris, orúkọ ẹranko Éṣíà kan tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ń ṣí ìsopọ̀, ó ń fi ìlà kan nínú ìbéèrè ránṣẹ́, á dákẹ́. Kí sáfà tó rò pé ó ti lọ, á tún fi ìlà mìíràn ránṣẹ́. Kì í parí ìbéèrè náà láé. Sáfà wẹ́ẹ̀bù Apache ìgbà yẹn ń yan òṣìṣẹ́ kan ti ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí náà ìgbà díẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ á fi wà lẹ́nu ìdúró de ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ. nginx kò kúkú mira, torí pé ẹni tó dákẹ́ kò gba òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti kọ̀wé tako ara wọn lórí ọ̀rọ̀ náà? Ní 1996, John Ousterhout, ẹni tó dá èdè Tcl sílẹ̀, sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ USENIX pé èrò burúkú ni tírẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́: ó ṣòro jù, àwọn tírẹ́ẹ̀dì á máa já ohun kan náà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ṣeé rí mú. Ní 2003, Rob von Behren, Jeremy Condit àti Eric Brewer dáhùn láti Berkeley pé ọ̀nà àìdúró gan-an ni èrò burúkú fún sáfà tó ní oníbàárà púpọ̀, torí pé ó ń gé ìtàn kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́ tí ẹni tó ń kà á kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ní 1978, Hugh Lauer àti Roger Needham ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà méjèèjì dọ́gba: ohun tí o bá lè fi ọ̀kan kọ, o lè yí i sí èkejì, bí a bá sì ṣe èkejì dáadáa, kò ní lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdún méjìdínlógún kí ìjà náà tó gbóná!

Ní tèmi, mo wà lẹ́yìn àwọn Berkeley. Èèyàn ló ń ka ètò kọ̀ǹpútà, èèyàn ló ń tún un ṣe ní òru nígbà tó bá bàjẹ́. Ètò tó bá ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìtàn ni mo fẹ́ fi lé ọmọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé tírẹ́ẹ̀dì kò wọ́n tó bí wọ́n ṣe ń sọ? Nígbà tí Ulrich Drepper àti Ingo Molnár tún ọ̀nà tí Linux ń gbà dá tírẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ṣe, wọ́n dán an wò pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì 100,000. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló gbà. Lórí ọ̀nà àtijọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni ì bá gbà. Iṣẹ́ wọn wọ Linux 2.6 ní ìparí 2003, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn ń tún sọ títí dòní sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á ní tírẹ́ẹ̀dì kan ń jẹ mẹ́gábáìtì 8. Lóòótọ́, ìyẹn ni àyè tí Linux sábà máa ń fà sílẹ̀ fún un, àmọ́ àyè tó wà lórí ìwé ni. Kílóbáìtì mẹ́rin mẹ́rin ló ń fún un ní mẹ́mórì gidi, bó bá ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ní 2008, Paul Tyma, onímọ̀ Java, jáde sí gbangba pé ọ̀nà àtijọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń dúró dè, ń ṣe dáadáa ju ọ̀nà àìdúró tí Java gbé wá ní 2002 lọ nínú àwọn ìdánwò rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i.

Ṣé o mọ̀ pé Node.js, irinṣẹ́ ètò sáfà tí gbogbo ayé ń sọ pé tírẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ní, ní mẹ́rin mìíràn nípamọ́? Ryan Dahl gbé Node.js jáde ní 2009, ọ̀nà àìdúró ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ fáìlì orí dísíìkì kì í gbọ́ O_NONBLOCK. Lójú select àti poll, fáìlì máa ń wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo, kódà bí dísíìkì bá ń jà raburabu, epoll ní tirẹ̀ sì máa ń kọ fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe EPERM. Nítorí náà, nígbà tí ètò Node.js rẹ bá ń ka fáìlì, ó ń gbé iṣẹ́ náà fún agbo tírẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kan ni, tí wọ́n ń dúró dè é bíi ti àtijọ́. Bí fáìlì mẹ́rin tó lọ́ra bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìkarùn-ún yóò tò sẹ́yìn. 2019 ni Jens Axboe tó fún Linux ní io_uring, tó ń jẹ́ kí fáìlì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé.

Ewu kan tún wà tí kò jọ ti àwọn yòókù. Tírẹ́ẹ̀dì kan tó ń bójú tó 10,000 èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe ìṣirò gígùn. Bí ìbéèrè ẹnì kan bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni àwọn 9,999 yòókù máa fi gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Nínú ọ̀nà ìdúródè, ẹni yẹn nìkan ni ì bá jìyà rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Java 21, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2023, padà sí ọ̀nà àtijọ́, tó sì mú ti tuntun dání? Tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ tí kì í ṣe ti Linux gan-an lè dúró de ohunkóhun tó bá wù ú. Ìgbà tó bá dúró, Java yóò gbé e kúrò lórí tírẹ́ẹ̀dì Linux, yóò fi ẹlòmíràn síbẹ̀, yóò sì dá a padà nígbà tí epoll bá dún. Ẹni tó kọ ètò náà ń rí ìdúró. Ẹ̀rọ kò dúró. Èdè Go ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí kílóbáìtì méjì ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, Erlang sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé. Bí iṣẹ́ 10,000 bá wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kàn ní láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, agbo tírẹ́ẹ̀dì 200 yóò lo ìṣẹ́jú àáyá 50. Àwọn tírẹ́ẹ̀dì tuntun yìí yóò parí gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Àbùkù kan bá a rìn: nínú Java 21, bí tírẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ bá dúró nínú ibi tí wọ́n kọ synchronized sí, á di tírẹ́ẹ̀dì Linux tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú pinpin. Java 24, ní 2025, ló tó tú u sílẹ̀.

Má sì rò pé mílíọ̀nù òṣìṣẹ́ ti yanjú ọ̀rọ̀. Bí dátábéèsì PostgreSQL bá ti ilé rẹ̀ dé, ìsopọ̀ 100 péré ló máa ń gbà. Gbogbo mílíọ̀nù yẹn yóò tò sẹ́nu ọ̀nà 100, ìdúró á sì ṣí láti inú sáfà rẹ lọ síbẹ̀.

Ṣé o wá mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a fi ń pe sáfà mìíràn, ìdúró kò lópin àyàfi bí o bá fi òpin sí i? requests tí àwọn oní-Python fẹ́ràn kò ní gbèdéke àkókò kankan fúnra rẹ̀. http.Client ti Go, òdo ni gbèdéke tirẹ̀, òdo yẹn sì túmọ̀ sí láéláé. HttpURLConnection ti Java náà bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó ń kọ ètò sáfà, ọ̀nà yòówù kó o yàn, jọ̀wọ́, ṣí iṣẹ́ rẹ lónìí, wá gbogbo ibi tó ti ń pe ẹlòmíràn, kí o sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó lè dúró síbẹ̀.